Kámẹ́rà Àkọ́kọ́ Mi àti Ojú Kẹ́hìndé

Ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé òun ti fẹ̀yìn tì. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo kọ́ láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ìwé girama, tí mo fi ń jẹun, tí mo sì gbé wọ ilé ọkọ, mo ti gbé e sílẹ̀, mi ò sì ní padà sídìí ẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ fọ́tò ni.

Bísọ́lá ló fà á tí mo fi ń kọ èyí. Ọmọ ilé kejì wa ni ní Òkè-Àfà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdánwò àṣejáde tán ni. Ó wá bá mi lọ́sàn-án Sátidé kan, ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi etí aṣọ nu ojú fóònù ẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kámẹ́rà wo ni kí n rà? DSLR ni mo fẹ́ o, àwọn tí wọ́n ń yọ ojú ẹ̀ yẹn. Owó ọwọ́ mi ò sì pọ̀."

"Lẹ́ńsì ni kó o kọ́kọ́ mú," mo ní. "Owó tó bá ṣẹ́ kù, fi wá bọ́dì, ara kámẹ́rà fúnra ẹ̀."

"Ẹ̀hẹ́n? Ojú ló máa wá ṣáájú orí?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ṣáà ra èyí tí lẹ́ńsì ẹ̀ gùn. Ó ní tó bá ti gùn, àwọn èèyàn á mọ̀ pé mo mọṣẹ́."

Mi ò lè bá a rẹ́rìn-ín. Mo ní kó máa lọ ná, kó padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀, mo ní màá kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun àti gbogbo ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń ro iṣẹ́ yìí wò. Ọ̀rọ̀ náà ti kọjá èyí tí èèyàn ń sọ lórí àpótí.

Ṣógúnlé ni mo ti kọ́ṣẹ́. Bàbá Fọ́tò ni gbogbo àdúgbò ń pe ọ̀gá mi. Ará Èkìtì ni, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ohùn ẹ̀ ju ara ẹ̀ lọ. Ṣọ́ọ̀bù wọn ò ju yàrá kan lọ: aṣọ búlúù lára ògiri, àga onígi kan, àti fèrèsé ńlá kan tó kọjú sí títì. Bí wọ́n ṣe gbà mí àti ohun tí ìyá mi san, ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ó pẹ́ gan-an kí n tó fọwọ́ kan kámẹ́rà. Mo ń gbálẹ̀. Mo ń lọ aṣọ ògiri. Tí mo bá ṣe gbogbo ẹ̀ tán, wọ́n á ní kí n lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Fúnkẹ́, ìyá ẹlẹ́pà tó ń bọ̀ yẹn, níbo ni ìmọ́lẹ̀ bà sí lójú ẹ̀?"

"Iwájú orí, sà."

"Irọ́. Wò ó dáadáa."

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, sà."

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ńkọ́? Àbí kò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni? Ta ló gé e?"

Báyìí la ó máa ṣe títí ọ̀nà á fi dá. Bí inú bá bí wọn, èdè Èkìtì ni wọ́n máa ń bọ́ sí, ta ni yóò sì bẹ̀ wọ́n nínú èdè tí kò gbọ́? Wọn kì í pe lẹ́ńsì ní lẹ́ńsì. "Ojú" ni wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ tí mo ṣèèṣì fi àtàǹpàkò kan dígí iwájú ẹ̀, rúlà igi ni wọ́n fi gbá mi lọ́wọ́.

"Ṣé wọ́n máa ń tọwọ́ bọ ìwọ náà lójú?"

"Rárá, sà."

"Ṣé o fẹ́ kí n tọwọ́ bọ̀ ọ́ lójú kó o mọ̀ ọ́n?"

Mo sunkún lọ sílé. Màmá mi ní kí n máa padà lọ. Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Ìgbà tí mo débẹ̀, fíìmù ti ń kú lọ. Bàbá Fọ́tò ti ra DSLR kan, ṣùgbọ́n kámẹ́rà fíìmù wọn ṣì wà nínú àpótí onídígí, wọ́n á sì máa gbé e jáde nù bí ẹni ń wẹ arúgbó. Wọ́n á ní, "Nígbà fíìmù, èèyàn kì í ṣáà tẹ̀ ẹ́. Wàá wò ó, wàá tún un wò, kó o tó tẹ̀ ẹ́." Ohun tí wọ́n sọ fún mi jù ní gbogbo ọdún yẹn ni èyí: bọ́dì kámẹ́rà dà bíi bàtà, ó ń jẹ, wọ́n sì ń pààrọ̀ ẹ̀. Ojú ni kò gbọdọ̀ jẹ́ yẹpẹrẹ.

Nígbà tí mo gba fíríìdọ̀m tán, àwọn fúnra wọn ló tẹ̀ lé mi lọ sí Òṣòdì láti ra tèmi. Àjọ tí mo dá ò tó ra tuntun, a ò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Tòkunbọ̀ la ń wá. Ọkùnrin ọlọ́jà kan gbé lẹ́ńsì dúdú kan lé mi lọ́wọ́.

"Àǹtí mi, ẹ wò ó bó ṣe ń dán. Ẹni tó lò ó ní Lọ́ńdọ̀n, inú aṣọ ló máa ń tọ́jú ẹ̀ sí."

Bàbá Fọ́tò gba lẹ́ńsì náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n yọ tọ́ọ̀ṣì kékeré kan nínú àpò, wọ́n tàn án láti ẹ̀yìn lẹ́ńsì, wọ́n sì ní kí n wo iwájú. Ohun kan bí òwú aláǹtakùn ta ká inú dígí náà.

"Ó ti bu," wọ́n ní. "Bí búrẹ́dì ṣe máa ń bu."

"Bàbá, ẹ má bọjà mi jẹ́ o! Eruku lásán ni."

"Eruku kì í ta gbòǹgbò, ọmọ mi."

Ọkùnrin náà gba lẹ́ńsì ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé àpótí kan síwájú wa. Ibẹ̀ la ti rí bọ́dì kan tí rọ́bà ọwọ́ ẹ̀ ti ń ṣí, tó jẹ́ pé bátìrì àti ibi tí wọ́n ń tẹ̀ ṣì dáa. A wá rí lẹ́ńsì kékeré kan tí ò gùn ju ìka mi lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní àádọ́ta. Kò lè fa ohun tó jìn súnmọ́. Ṣùgbọ́n ihò ojú ẹ̀ máa ń là gbàragàdà, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ò bá pọ̀ sí ṣì máa ń hàn sí i kedere.

"Tó o bá fẹ́ kí ohun kan súnmọ́," Bàbá Fọ́tò ní, "fi ẹsẹ̀ ẹ rìn lọ bá a. Ọ̀fẹ́ ni ẹsẹ̀."

Òun ni mo fi ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù àwọn ọmọ ilé ìwé, ọjọ́ ìbí àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ìsìnkú àgbà ní Ìsọlọ̀. Fọ́tò mi dáa, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tan yín. Ojú ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀wù. Ṣùgbọ́n àwa èèyàn ibí yìí, ṣé fọ́tò la máa ń wò? Ọwọ́ tó gbé kámẹ́rà là ń wò. Ìyá kan tó ń ta ọṣẹ ní Bọ́ládé máa ń fi mí ṣeré níṣojú gbogbo ayé:

"Àǹtí Fọ́tò, kámẹ́rà yín yìí, ìgbà wo lẹ máa já a lẹ́nu ọmú? Gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ti dàgbà!"

Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ò kúrò lára mi. Nígbà tí ìdílé kan tí mo ti ń ya fọ́tò fún látọjọ́ pípẹ́ gbé iṣẹ́ àádọ́rin ọdún bàbá wọn fún ẹlòmíràn, torí pé lẹ́ńsì tiẹ̀ gùn bí apá, mo padà sí Òṣòdì. Mo fi àádọ́ta mi sílẹ̀, mo fi owó lé e, mo sì gbé èyí tó gùn. Ojú rẹ̀ ò là púpọ̀, níbi tí oòrùn bá ti ń ràn ló ti ń ṣe dáadáa. Ìyẹn ò dùn mí nígbà náà. Òde ni ìnáwó wà.

Mo gbé e lọ han Bàbá Fọ́tò. Wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún.

"Ó gùn," wọ́n ní. "Á máa rí ọ̀nà jíjìn dáadáa. Ilé ńkọ́?"

Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni.

Oníbàárà pọ̀ sí i lóòótọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo bí ìbejì, ọkùnrin méjèèjì. Táíwò rọra wáyé bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà. Kẹ́hìndé tó rán an níṣẹ́ tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń ta, ọrùn ẹ̀ ń yí, bí ẹni tí wọ́n dá dúró lọ́nà. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń ṣe títí. Bó bá ń sùn, ó ń yíra. Bó bá ń mu ọmú, ó ń wo ẹ̀yìn.

Yàrá kan là ń gbé nígbà náà, fèrèsé ẹ̀ sì kọjú sí ògiri ilé kejì. Ọ̀sán gangan, ó máa ń tó ìṣẹ́jú kan kí ojú tó ríran tí èèyàn bá wọlé. Iná mànàmáná ń ṣe bó ṣe ń ṣe. Màmá Oǹdó, ìyá ọkọ mi, ló wá bá wa wẹ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ kìíní tí mo gbé fúláàṣì lé kámẹ́rà, wọ́n dìde.

"Ìyàwó mi, má kọ mànàmáná yẹn sí wọn lójú o. Ọmọ tuntun ni wọ́n."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré, mà."

"Ẹ̀ẹ̀kan ni ojú ń fọ́."

Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Mo yà wọ́n láìsí fúláàṣì. Táíwò tó ń sùn jẹ́ẹ́ jáde dáadáa. Kẹ́hìndé di èéfín. Kámẹ́rà tí ojú ẹ̀ ò là máa ń pẹ́ kó tó rí nínú òkùnkùn, ohun tí kò bá dúró dè é á kọjá lọ. Mo ní kò burú, tí òjò bá dá, tí wọ́n bá lágbára sí i, màá gbé wọn jáde sóòrùn, màá yà wọ́n yó. Ọkọ mi máa ń fi fóònù yà wọ́n díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n já fóònù náà gbà lọ́wọ́ ẹ̀ ní Bọ́ládé. Èmi ò fi fóònù tèmi yà wọ́n rí. Ìyá tó ń ya ọmọ gbogbo Òṣòdì, ṣé fóònù ló máa fi ya tiẹ̀? Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ pàápàá, ojú àgbà ló kún inú fọ́tò. Wọ́n ti di àwọn ọmọ mọ́ inú ṣọ́ọ̀lù, imú nìkan ló yọ.

Kẹ́hìndé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ẹ̀rín rín ni. Bó bá fẹ́ rín in, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ẹ̀ á kọ́kọ́ jìn wọlé, ẹnu á wá tẹ̀ lé e.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá Oǹdó ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n dákẹ́ orin tí wọ́n ń kọ. "Fúnkẹ́, wá wò ó. Kò ta ẹsẹ̀." Mo wò ó. Ara ẹ̀ gbóná, imú ẹ̀ ń fẹ̀ bó ṣe ń mí. A gbé e dé ilé ìwòsàn kan ní Ìsọlọ̀, àwọn nọ́ọ̀sì sáré sí i, wọ́n ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe. Kí oòrùn tó yẹ àtàrí, ó ti parí. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ tí kì í dúró, ó dúró. Ojú ẹ̀ hàn kedere nínú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé yẹn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Kò sí kámẹ́rà lọ́wọ́ mi.

Àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló lọ sin ín. Ẹ mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa, òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ ẹ̀ sí. Mi ò mọ̀ ọ́n títí dòní. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Agbè tí wọ́n ń sọ, èmi ni. Mo mọ ibi tí mo ti sán.

Nígbà tí ilé dá, mo gbé kámẹ́rà, mo wo gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀. Táíwò nìyí, Táíwò nìyẹn. Kẹ́hìndé, èéfín. Ọ̀kan wà tí ọwọ́ ẹ̀ tó di bẹ́ẹ̀dìṣíìtì mú hàn ketekete, tí èékánná pàápàá hàn. Ojú ẹ̀ wá dà bí ohun tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára pátákó tí ẹnì kan sì fi ọwọ́ nù. Kò sí sàárè tí mo lè dé, kò sí ojú tí mo lè wò. Ohun tó ṣẹ́ kù kò ju ohun tó wà lórí mi lọ, orí èèyàn kì í sì í ṣe àpótí onídígí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Màmá Oǹdó sọ ohun tó wà nínú wọn. Wọn kì í sọ pé ìbejì kú. Wọ́n ní ó lọ ṣẹ́gi.

"Ìyàwó mi, ẹnì kejì Táíwò ti lọ ṣẹ́gi. Wọn kì í fi ìbejì kan ṣoṣo kọ́ ògiri. Ya Táíwò, kó o tún un yà, kó o so wọ́n pọ̀. Àwa kì í gbẹ́ ère, ọmọ ìjọ ni wá. Ṣùgbọ́n fọ́tò kì í ṣe ère."

"Màmá, Kẹ́hìndé kì í ṣe Táíwò."

"Ṣé èmi tí mo wẹ̀ wọ́n lò ń sọ fún?"

"Ojú tiẹ̀ gùn díẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ẹ̀ máa ń jìn."

"Ìwọ àti èmi la mọ ìyẹn," wọ́n ní. "Tí èmi bá lọ, tí ìwọ náà bá gbàgbé ńkọ́? Táíwò ò gbọdọ̀ dàgbà láìmọ̀ pé ẹnì kan jókòó tì í rí."

Mi ò lè ṣe é. Bàbá Fọ́tò ló wá. Ojú wọn ti ń ṣú nígbà náà, ọkọ mi ló fà wọ́n lọ́wọ́ wọlé. Wọ́n gbé lẹ́ńsì àádọ́ta tiwọn dání, wọ́n fi sára bọ́dì mi. Wọn ò dárúkọ èyí tó gùn. Wọ́n ní nígbà fíìmù, páálí dúdú ni wọ́n fi ń bo ìdajì ojú kámẹ́rà tí wọ́n bá ń ya irú ẹ̀: wọ́n á ya apá kan, wọ́n á sún ọmọ sápá kejì, wọ́n á tún un yà sórí fíìmù kan náà. Ní báyìí, kọ̀ǹpútà ló ń so ó pọ̀. "Irinṣẹ́ ti yàtọ̀," wọ́n ní. "Ẹkún ẹ̀ ò yàtọ̀."

A fi ìrọ̀rí gbé Táíwò jókòó sápá òsì, èmi ló tẹ̀ ẹ́, torí Bàbá Fọ́tò ò ríran tó mọ́. Inú yàrá tó ṣókùnkùn yẹn náà ni, láìsí fúláàṣì, ó sì jáde kedere. Ìyẹn ló pa mí lẹ́kún jù. Ìgbà tá a wá sún Táíwò sápá ọ̀tún, kò wo kámẹ́rà. Ó yí orí, ó ń wo ibi tá a ti gbé e kúrò.

"Ó ti yí orí, sà. Kí n tún un yà?"

"Fi í sílẹ̀," wọ́n ní. "Ẹnì kan ló ń wò."

Òun ló wà lára ògiri wa: ọmọ méjì, aṣọ kan náà, èyí apá ọ̀tún ń wo èkejì. Bàbá Fọ́tò fi lẹ́ńsì wọn sílẹ̀ fún mi. Wọ́n ti padà sí Èkìtì báyìí, wọn ò ríran mọ́ rárá.

Mo tún gbìyànjú iṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n pè mí sí ìsọmọlórúkọ kan níbí ní Òkè-Àfà, lẹ́yìn tá a kó débí. Mo gbé àádọ́ta, mo súnmọ́ ọmọ náà, mo tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé ó mì. Mo tún un tẹ̀. Mo ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá, àlejò ń dúró, oúnjẹ ń tutù.

"Àǹtí Fọ́tò, ó ti tó," ìyá ọmọ ní.

"Ó mì ni."

"Kò mì, Àǹtí. Ó ń sùn."

Gbogbo wọn ń wò mí. Mo wo ẹ̀yìn kámẹ́rà, ọmọ náà hàn kedere nínú gbogbo wọn. Mo tọrọ gáfárà, mo parí iṣẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ sílé. Mo ki kámẹ́rà àti lẹ́ńsì àádọ́ta náà bọ inú ìrẹsì gbígbẹ nínú ike, kó má baà bu, mo sì dé e. Ní báyìí, aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé ni mò ń rán. Fóònù ti wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, ọ̀pọ̀ ò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ti jáwọ́.

Mo ń kọ ibi tẹ́ ẹ kà tán yìí lọ́wọ́ nígbà tí Bísọ́lá wọlé, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ní kó wá. Táíwò, tó ti ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, ń ṣeré nílẹ̀. Bísọ́lá wo ògiri.

"Àǹtí, Táíwò nìkan ni mo mọ̀, ẹ ò fi Kẹ́hìndé hàn mí rí! Wọ́n mà jọra o. Táíwò, èwo nìwọ níbẹ̀?"

Táíwò ò tilẹ̀ gbé orí sókè. "Èmi ni méjèèjì."

Bísọ́lá rẹ́rìn-ín, ó rò pé ọmọ náà ń ṣàwàdà ni. Mo dìde, mo yọ fọ́tò kan jáde lábẹ́ aṣọ nínú àpótí mi, mo gbé e lé e lọ́wọ́.

"Kẹ́hìndé nìyẹn. Òun ló lọ ṣẹ́gi."

Ẹ̀rín kúrò lójú ẹ̀. Ó gbé fọ́tò náà súnmọ́ ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó wò ó pẹ́.

"Àǹtí, ẹ má bínú," ó ní. "Mo rí ọwọ́ ẹ̀. Mi ò rí ojú ẹ̀."

Mo bọwọ́ sínú ìrẹsì, mo yọ lẹ́ńsì kékeré tí Bàbá Fọ́tò fi sílẹ̀, mo nù ún, mo sì gbé e lé e ní àtẹ́lẹwọ́.